Kuniyoshi, Ọmọ Aláró Tó Ń Ya Àwọn Akọni

Ẹgbẹ́ oníròyìn ní èmi ló kàn láti kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá kan tó ti kú tipẹ́. Àwọn tó ṣáájú mi ti kọ nípa Herbert Macaulay, wọ́n ti kọ nípa Mọ́remí, wọ́n ti kọ nípa Balógun Òṣòdì Tápà. Èmi fẹ́ mú yín jáde kúrò nílé díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa ní tọ́ọ̀mù yìí.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi, máa ń ya jagunjagun sẹ́yìn ìwé Máàsì rẹ̀. Á ya Naruto, á ya Sasuke, á ya Jiraiya níbi tó ti gun ọ̀pọ̀lọ́ ńlá. Náírà 50 ló ń tà á fún wa. Tó bá fi àwọ̀ sí i, ó di 100. Ṣé ẹ mọ̀ pé nǹkan dídùn kì í pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ, wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ìranù ni. Mi ò wá síbí wá dá ẹjọ́ yẹn o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ wádìí ibi tí Jiraiya yẹn ti wá, ẹnu yà mí. Láti ọdún 1839 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Jàpáàn: Jiraiya tó ń fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe oògùn, Tsunade tó ń fi ìgbín tí kò ní ìkarahun ṣe é, Orochimaru tó ń fi ejò ṣe é. Àwa rò pé orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti bí wọn! Ìlú tí wọ́n ti ń tẹ ìtàn yẹn ni Edo. (Kì í ṣe Ẹ̀dó ti Bìní o. Edo yìí ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Tokyo lọ́dún 1868.) Nínú ìlú yẹn, ní àsìkò yẹn gan-an, ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé yíya akọni ló sọ ọ́ di olókìkí. Utagawa Kuniyoshi lorúkọ rẹ̀.

Ilé aláró ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1798. Aṣọ ṣẹ́dà ni bàbá rẹ̀ máa ń rẹ ní aró. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tẹ̀lé màmá yín lọ sí ọjà Aswani lọ́jọ́ Túsìdeè, ní ìsàlẹ̀ Ìsọlọ̀ níbí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Aṣọ tó bá ní àwòrán lára, ẹnì kan ló kọ́kọ́ jókòó ronú àwòrán yẹn kí aró tó kàn án. Wọ́n ní Kuniyoshi ti ń bá bàbá rẹ̀ ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àwọn akọni rẹ̀ á rí i pé òótọ́ ni: aṣọ tí wọ́n wọ̀ máa ń kún fún ẹyẹ, òdòdó, ìgbì omi, débi pé téèyàn bá gbé ojú kúrò lára idà, aṣọ ni á máa wò.

Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún méjìlá, ó ya Shōki, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáàn gbà pé ó ń lé iwin. Àwòrán náà dé iwájú Toyokuni, ọ̀gá tó lókìkí jù nínú àwọn ayàwòrán ìdílé Utagawa nígbà yẹn. Ní 1811, Toyokuni gbà á síṣẹ́. Ẹ wo orúkọ tó fún un. Bí orúkọ àwọn onílù wa ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ Toyokuni ṣe máa ń gba díẹ̀ lára orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Kuniyoshi gba Kuni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan níbi iṣẹ́, Kunisada, náà gba Kuni. Ẹ má gbàgbé Kunisada yìí o, a ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àwòrán náà, torí kì í ṣe pé wọ́n ń yà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ti ọ̀rẹ́ mi. Pákó ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Oníṣòwò kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ló máa kọ́kọ́ ronú pé ohun báyìí á tà. Òun ló lówó, òun ló ń sanwó fún gbogbo àwọn yòókù. Á gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán. Ayàwòrán á fi yíǹkì dúdú ya ilà àwòrán sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n á gbé ìwé yẹn lọ fún afínpákó. Òun á dojú rẹ̀ dé orí pákó igi ṣẹ́rì, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, á wá máa fi ọ̀bẹ gbẹ́ gbogbo ibi tí kò sí ilà kúrò, bí àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ṣe ń ṣe. Bó ṣe ń gbẹ́ ẹ ni ìwé tí ayàwòrán yà ń bà jẹ́ lọ. Ìyẹn ni pé ìwé tí Kuniyoshi fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà kò ní sí mọ́, pákó ló máa kù.

Pákó kan fún ilà dúdú, òmíràn fún pupa, òmíràn fún aró, òmíràn fún àwọ̀ ewé. Atẹ̀wòrán á kun àwọ̀ sórí pákó, á tẹ́ ìwé tí wọ́n fi èèpo igi ṣe lé e, á mú nǹkan róbótó kan tí wọ́n fi ewé ọparun dì, á fi máa pa ẹ̀yìn ìwé náà títí àwọ̀ á fi wọ inú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀ rárá, agbára apá ni. Ní etí pákó kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbẹ́ àmì kékeré kan tí ìwé gbọ́dọ̀ jókòó sí. Tó bá fi díẹ̀ yẹ̀ báyìí, ètè balógun á bọ́ sí orí imú rẹ̀. Bí wọ́n bá parí, ojú ìwé kan kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 37 ní gígùn àti 25 ní fífẹ̀ lọ. Tí ogun náà bá pọ̀, wọ́n á tò ó sí ojú ìwé mẹ́ta tó bára wọn mu.

Irú iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa bí ẹ ṣe rò. Ní Papa Ajao, Múṣin, téèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Òṣòdì bí oòrùn ò bá mú, ibẹ̀ ni Bruce Onobrakpeya dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ àwòrán, pàápàá láti ara pákó, línò àti páànù. Òun náà ló ya àwòrán sínú ìwé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968, ìyẹn ti ọdẹ tó wọ igbó irúnmọlẹ̀. Akọni ni ọdẹ yẹn náà, àbí?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Edo. Kuniyoshi parí iṣẹ́ kíkọ́, ó gba òmìnira, ebi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ó ya àwòrán ẹ̀mí òkú jagunjagun kan tó yọ lórí òkun, àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa. Ohun tó ń tà nígbà yẹn ni àwòrán àwọn òṣèré orí ìtàgé àti ti àwọn obìnrin arẹwà, Kunisada ló sì gba gbogbo ọjà yẹn. Kuniyoshi wá ń ta ẹní àtijọ́ kó lè rówó jẹun. Ẹní o! Ọmọ iṣẹ́ Toyokuni! Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé lọ́jọ́ kan ó pàdé Kunisada níbi tí ìyẹn ti ń ṣe fàájì, tó wọ aṣọ ńlá, ojú sì ti òun débi pé ó padà sílé lọ tún ìmúra rẹ̀ mú. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọwọ́ òun dára ju ti ẹ̀gbọ́n yìí lọ. Èmi ò mọ̀ bóyá ìlara ni ká pè é tàbí ìwúrí, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ kí ẹ wò.

Ní nǹkan bí ọdún 1827, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Kagaya Kichiemon gbé iṣẹ́ kan fún un. Ìtàn kan wà tó ti Ṣáínà wá, nípa àwọn ọlọ̀tẹ̀ 108 tí wọ́n sá lọ sí àárín àbàtà torí ìjọba tó ń jẹ wọ́n níyà. Àwọn ará Edo mọ ìtàn náà dáadáa. Kuniyoshi ní òun á ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, akọni kan, ojú ìwé kan. Kí ó tó dé, ayàwòrán máa ń ya jagunjagun bí ẹni tó dúró kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Ti Kuniyoshi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Chōjun, wà lábẹ́ omi, ó fi eyín mú idà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa irin ẹnu ọ̀nà odò ya. Òmíràn gbé igi ńlá lọ́wọ́. Iṣan wọn le, ojú wọn là, ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ já etí ìwé náà bọ́ síta. Ọjà gbá! Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Kuniyoshi oníjagunjagun.

Ó tún ṣe nǹkan kan tí kò sẹ́ni tó rò ó. Nínú ìtàn àtijọ́ yẹn, akọni mélòó kan ló ní ara fínfín. Kuniyoshi fi kún wọn, ó sì fín wọn láti ọrùn dé itan: dírágónì mẹ́sàn-án lára ẹnì kan, òdòdó lára ẹlòmíràn. Àwọn panápaná àti àwọn alágbàṣe ní Edo rí i, wọ́n mú àwòrán náà lọ bá àwọn tó ń fín ara, wọ́n ní báyìí gan-an làwọn fẹ́. Àwọn baba wa náà kọ kóló sí ara, nítorí náà ẹ má wò wọ́n bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Títí di òní, àwọn tó ń fín ara kárí ayé ṣì ń wo àwòrán Kuniyoshi kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní ara òun fúnra rẹ̀ náà ní fínfín, àti pé bí iná bá ń jó níbì kan, ó máa ń fẹ́ bá àwọn panápaná sáré débẹ̀.

Ta ló ń ra àwọn àwòrán yìí? Ibí ló dùn mọ́ mi jù. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ìjòyè. Owó ojú ìwé kan kò ju owó abọ́ núdù kan tàbí méjì lọ. Káfíńtà, oníṣòwò kékeré, ọmọ ọ̀dọ̀, àlejò tó wá sí Edo tó fẹ́ mú nǹkan lọ sílé, gbogbo wọn ló ń rà á. Torí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni akọni ń jáde, ẹni tó bá ti ra márùn-ún á fẹ́ ra ìkẹfà. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó sítíkà agbábọ́ọ̀lù jọ rí, ẹ mọ àrùn yẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tó burú níbẹ̀: akọni 108 ni wọ́n kéde, ṣùgbọ́n nǹkan bí ojú ìwé 75 péré ló jáde. Kò sẹ́nikẹ́ni ní gbogbo Edo tí àkójọ rẹ̀ pé.

Àwọn mìíràn lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri títí èéfín fi bò wọ́n. Àwọn mìíràn lẹ̀ wọ́n pọ̀ bí ìwé, wọ́n ń ṣí i wò pẹ̀lú ọmọ wọn lálẹ́. Àwọn tó lẹ̀ wọ́n pọ̀ ni àwọn alákòójọ òde òní ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí oòrùn kò rí àwọ̀ àwòrán náà pa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kuniyoshi bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn akọni ilẹ̀ Jàpáàn fúnra wọn. Ó ya Benkei, àlùfáà gìrìpá kan tó búra láti gba idà ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá lórí afárá. Ó ti gba 999, ó ku ẹyọ kan. Ẹni tó wá kọjá ni ọmọdékùnrin kan tó ń fọn fèrè. Ọmọ yẹn ló nà án, ìyẹn Yoshitsune, Benkei sì di ìránṣẹ́ rẹ̀ títí dé ojú ikú. (Ẹni tó ti gba ọkọ̀ lábẹ́ afárá Òṣòdì láyé ìgbà tí mọ́lúè ṣì wà, bíi bàbá mi, á sọ fún yín pé òun náà ti pàdé Benkei rí.)

Ṣùgbọ́n yíya akọni léwu. Ìdílé Tokugawa ló ń ṣèjọba nígbà yẹn, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ogun tó gbé àwọn fúnra wọn gorí oyè, tàbí kí wọ́n dárúkọ àwọn ìdílé ńlá tó jà nínú rẹ̀. Ní 1804, nígbà tí Kuniyoshi ṣì jẹ́ ọmọdé, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n de ọwọ́ Utamaro, ayàwòrán ńlá, fún àádọ́ta ọjọ́ torí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Toyokuni, ẹni tó padà wá di ọ̀gá Kuniyoshi, náà jẹ nínú ìyà yẹn. Nítorí náà ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ ibi tí iná wà. Kí àwòrán kankan tó lè jáde, àwọn ayẹ̀wéwò gbọ́dọ̀ rí i, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ lé e. Ọgbọ́n tí àwọn ayàwòrán ń dá ni kí wọ́n yí orúkọ padà díẹ̀, kí wọ́n sì ti ìtàn náà sẹ́yìn sí ayé àtijọ́. Gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀.

Ní 1842 ọ̀rọ̀ náà wá le. Olórí àwọn mínísítà, Mizuno Tadakuni, ní ìgbádùn ti pọ̀ jù nílùú. Ó fi òfin de àwòrán òṣèré, ó fi òfin de àwòrán àwọn arẹwà, ó dín iye àwọ̀ tí wọ́n lè lò kù. Ó dùn mọ́ni pé òfin yìí dun Kunisada ju Kuniyoshi lọ, torí akọni olóòótọ́ kò sí nínú ohun tí wọ́n fòfin dè. Ìjọba tiẹ̀ rò pé akọni á kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwà rere.

Àfi bó ṣe di ọdún 1843 tí Kuniyoshi gbé àwòrán olójú ìwé mẹ́ta kan jáde. Balógun àtijọ́ kan, Raikō, ń ṣàìsàn, ó dùbúlẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ mẹ́rin jókòó nítòsí, àwọn kan nínú wọn ń ta ayò. Aláǹtakùn ńlá kan ń fẹjú lẹ́yìn rẹ̀, nínú òkùnkùn sì rèé ogunlọ́gọ̀ iwin tí wọ́n ń jà. Ìtàn àtijọ́ ni, gbogbo ọmọdé mọ̀ ọ́n. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní Edo wò ó, ó tún un wò, ó ní: ẹ dákun, ẹni tó sùn yìí, ṣé kì í ṣe olórí ìjọba wa ni? Àmì tó wà lára aṣọ ẹ̀ṣọ́ yẹn, ṣé kì í ṣe ti Mizuno? Àwọn iwin yìí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe àwa tí òfin rẹ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu wa ni? Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Gbogbo ènìyàn ń wá àwòrán náà rà, wọ́n ń túmọ̀ iwin kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù ba oníṣòwò tó tẹ̀ ẹ́, ó kó èyí tó kù nílẹ̀ kúrò lọ́jà, ó sì ba àwọn pákó rẹ̀ jẹ́. Kuniyoshi kò sọ nǹkan kan. Àbí kí ni wọ́n máa bi í? Aláǹtakùn ló yà.

Àwọn tíṣà wa tó dàgbà díẹ̀ á rántí Hubert Ògúndé àti eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tìtorí rẹ̀ fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní 1964. Òun náà fi ìtàn bo ọ̀rọ̀, ìlú sì tú u. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òfin mú Ògúndé, Kuniyoshi sì yọ́ bọ́ nígbà yẹn. Kò fi bẹ́ẹ̀ jáwọ́ náà. Ní 1853 àwòrán rẹ̀ mìíràn tún dá wàhálà sílẹ̀, ìjọba sì rán àwọn ènìyàn láti máa ṣọ́ ọ.

Lẹ́yìn aláǹtakùn yẹn ló ya èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ní nǹkan bí 1844, ó mú ìtàn Masakado, ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n pa lọ́dún 940. Ọmọbìnrin rẹ̀, Takiyasha, jókòó nínú ààfin bàbá rẹ̀ tó ti wó, ó ń ka oògùn látinú ìwé kan. Nínú ìwé tí ìtàn náà ti wá, ọ̀pọ̀ egungun òkú ló yọ jáde. Kuniyoshi kó gbogbo wọn dànù, ó ya ẹyọ kan péré: egungun ènìyàn kan tó tóbi ju ilé lọ, tó fi ọwọ́ fa aṣọ ojú fèrèsé ya, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ń wo àwọn jagunjagun bí ẹni ń wo èèrà. Mo ti bi tíṣà wa tó ń kọ́ wa ní Báyọ́, ó ní ìhà rẹ̀ àti eegun ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ti òótọ́. Irú àwòrán ara ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn ìwé ìṣègùn tó ń ti Yúróòpù wọ Jàpáàn nígbà yẹn. Ọ̀kan nínú èyí tó ṣẹ́kù wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 1847 àti 1848, ó ya àwọn jagunjagun 47 tí ọ̀gá wọn kú ikú ìtìjú lọ́dún 1701, tí wọ́n dúró fún nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó gbẹ̀san lóru, tí ìjọba sì pàṣẹ ikú fún wọn. Ojú ìwé 51 ni gbogbo rẹ̀. Orúkọ wọn kọ́ ló wà lára àwòrán náà o, ó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó tà wàrà wàrà.

Báwo ni ẹni tó ń ya irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe rí nílé? Ológbò ló kún ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ròyìn pé á ki ọmọ ológbò bọ inú aṣọ níbi àyà rẹ̀, á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí ọ̀kan bá kú, á ní kí wọ́n gbé e lọ sí tẹ́ńpìlì fún ìsìnkú. Kì í sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá ńlá, kì í sì í wọṣọ bí ọ̀gá ńlá. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ gan-an. Kyōsai kò tíì ju ọmọ ọdún bíi méje lọ nígbà tó wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Yoshitoshi wọlé ní 1850 ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, àwọn méjèèjì sì di ayàwòrán ńlá.

Ní 1855 ilẹ̀ mì tìtì ní Edo, ilé wó, iná jó. Nígbà tó ku ọdún mélòó kan tó máa kú, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Kuniyoshi. Ọwọ́ tó ń ya idà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1861.

Ìgbà tó kú ni ilẹ̀ Jàpáàn ń ṣí èbúté rẹ̀ fún àwọn àlejò. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Yúróòpù ní ìdì ìdì. Vincent van Gogh, tí kò lówó lọ́wọ́ rárá, ra nǹkan bí 660 ní Paris láàárín 1886 sí 1887. Ó fẹ́ tún wọn tà, ó gbé wọn kọ́ sí ilé kọfí kan, kò rí wọn tà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, títí kan ti Kuniyoshi, ló wà ní Amsterdam báyìí. Dókítà kan láti Boston, William Sturgis Bigelow, lọ sí Jàpáàn ní 1882, ó lo ọdún méje níbẹ̀, ó sì kó ju 30,000 àwòrán lọ wá sílé, èyí tó fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú rẹ̀ lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n àwọn alákòójọ olówó nígbà yẹn kò ka jagunjagun Kuniyoshi sí. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n ní ti àwọn ọmọdé ni. Àwọn arẹwà Utamaro ni wọ́n ń rà lówó gọbọi. Nítorí náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí kò lówó ló lè kó àwọn akọni jọ. Nígbà tí B. W. Robinson, tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria and Albert, kọ ìwé odindi kan lórí Kuniyoshi ní 1961, tó pé 100 ọdún tó kú, ojú àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ní 2009 wọ́n fi àkójọ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan, Arthur Miller ará Amẹ́ríkà, ṣe àfihàn ńlá ní Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin tó máa bi mí bí wọ́n ṣe ń mọ ọdún tí àwòrán kan jáde, òǹtẹ̀ àwọn ayẹ̀wéwò yẹn ni. Láàárín 1843 sí 1847, òǹtẹ̀ orúkọ ayẹ̀wéwò kan ló ń wà níbẹ̀. Láti 1847 sí 1852, ó di méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, òǹtẹ̀ ọdún àti oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Òǹtẹ̀ tí ìjọba fi ń ṣọ́ Kuniyoshi ni àwọn alákòójọ fi ń ka ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á tún wo etí ìwé bóyá ẹnì kan ti gé e, bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́, bóyá àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Wọ́n á wo ilà, torí pákó tó ti tẹ ọ̀pọ̀ ìwé máa ń kúnú, ilà rẹ̀ á nípọn, ẹnu rẹ̀ á sì fọ́.

Nígbà tí Kuniyoshi kú, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, Yoshiiku, ya àwòrán rẹ̀ láti fi ṣèdárò. Wọ́n gbé e lọ fún afínpákó, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì gbé e sọ́jà bí gbogbo àwòrán yòókù. Mo ti fi píìnnì lẹ ẹ̀dà egungun ńlá yẹn sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí, dúdú àti funfun ni torí owó kọ́lọ̀ ti wọ́n ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ lọ. Wọ́n ti dá ìwé Máàsì ọ̀rẹ́ mi padà ní Fúráìdè tó kọjá, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n Jiraiya ṣì wà níbẹ̀ lórí ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀. Mo ti rà á.